Ọjọ́ Tí Mo Di Ọwọ́ Ọ̀gá Mú

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta níléèwé ìṣègùn, mo máa ń wọ mọ́tò wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, láti kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní bayọ́lọ́jì. Ọ̀gá tó ni ilé lẹ́sìnnì tí mo ti ń kọ́ wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Dókítà ni wọ́n máa ń pè mí lójú àwọn òbí, àwọn ọmọ náà sì ń pè mí ní Àǹtí Dókítà. Mi ò tíì fọwọ́ kan aláìsàn kankan rí. Òkú tí a ń là níléèwé nìkan ni mo mọ̀.

Síbẹ̀, mo máa ń fọ́nnu. Mo sọ fún wọn pé wákàtí mẹ́ta ni mò ń sùn lójúmọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ kàwé ìṣègùn gbọ́dọ̀ bá oorun jà.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń ti Ìjẹ̀bú-Imusin wá. Iwájú ló máa ń jókòó, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sì sọ ló ń kọ sílẹ̀, torí òun náà fẹ́ di dókítà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdánwò, mò ń ya kíndìnrín sójú pátákó, ni mo gbọ́ tí bẹ́ńṣì ṣubú. Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ náà ti wà nílẹ̀, ara rẹ̀ le gbagidi, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

"Wárápá ni," ẹnì kan wí. Gbogbo wọn sá sún mọ́ ògiri, torí wọ́n gbà pé ìtọ́ rẹ̀ lè ran èèyàn.

"Àǹtí Dókítà, ẹ ṣe nǹkan."

Mo ti kà nípa wárápá fún ìdánwò tèmi. Mo lè ka orúkọ àwọn oògùn rẹ̀ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú ara mi rí i rí. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó lè kúnlẹ̀. Mo ti bẹ́ńṣì sẹ́yìn, mo ká súwẹ́tà mi sábẹ́ orí rẹ̀, mo wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọsibítù ni.

Ọ̀gá sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Dókítà, di orí ẹ̀ mú, kí n ki ṣíbí yìí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó má gé ahọ́n ẹ̀ jẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó lè kán eyín rẹ̀, ó sì lè há a lọ́fun."

"Mo ti ń rí wárápá kí wọ́n tó bí ẹ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n na ṣíbí náà sí ẹnu rẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, èmi tí mo kéré sí àbíkẹ́yìn wọn, níwájú gbogbo kíláàsì. Gìgísẹ̀ ọmọ náà ṣì ń lu ilẹ̀. Mi ò tú wọn sílẹ̀.

Wọ́n wò mí. "Tó bá kú, ọrùn rẹ ló wà."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ bá wa wá mọ́tò."

Wọ́n ju ṣíbí náà sórí tábìlì, wọ́n jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́rin. Mò ń bi ara mi bóyá mo ka ìwé yẹn dáadáa. Kí mọ́tò tó dé ẹnu ọ̀nà, ara rẹ̀ rọ̀. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo nu ẹnu rẹ̀, mo fi súwẹ́tà bo ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀ tí ìtọ̀ ti rin.

Ó pẹ́ kó tó dá mi mọ̀. "Àǹtí, ṣé wọ́n rí mi?"

Mi ò lè purọ́. "Wọ́n rí ẹ."

Ó di ojú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló wá mú un lọ. "Oògùn wárápá ló ń lò," ni wọ́n sọ fún mi. "A ò mọ̀ pé ó ti pa á tì, torí oorun máa ń kùn ún tó bá ti lò ó. Ó ní ẹ sọ pé dókítà kì í sùn."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá nítorí ọwọ́ wọn tí mo dì mú. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọmọ náà má wá mọ́, pé àwọn òbí kan ti ń pè láti ṣàròyé. Mo ní bí kò bá lè wá, èmi náà kò ní wá. Ìdánwò ti sún mọ́lé, wọn kò lè tètè rí ẹlòmíì. Wọ́n ní kí n ṣe bó ṣe wù mí.

Ó padà wá. Òun nìkan ló wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, mo sọ fún wọn pé àṣìsọ ni gbogbo ohun tí mo sọ nípa oorun, pé àìsùn lè gbé wárápá dìde, pé ìtọ́ rẹ̀ kì í sì í ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, ọmọbìnrin kan láti Ayépé kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó tì í.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, máàkì ọmọ Ìjẹ̀bú-Imusin náà kò tó ti ìṣègùn. Bayọ́lọ́jì ló ń kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun báyìí, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ní ti ọ̀gá, wọn kò pè mí padà lọ́dún kejì.