Ọjọ́bọ̀ Ni Wọ́n Fún Wa Láti Ṣàìsàn

Nínú ìwé ìjọba, kò sí aláìsàn kankan mọ́ ní Gberefu.

Ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kan wá lónìí láti wo bí ètò ìlera tuntun ṣe ń lọ. Wọ́n ti kó ilé oògùn wa lọ sí Àgbádárìgì, ní òdìkejì ọ̀sà, wọ́n sì fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni tiwa.

Aṣòfin bi òyìnbó ọ̀gá ìlera tó bá a wá pé: "Èèyàn mélòó ló ń wá láti ibí?"

"Kò sí ẹnì kankan. Ara wọn ti le."

Ìyá Sẹ̀nàmi, aládùúgbò mi, dá sí i. Egungun ẹja ló gún un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ti wú bí àgbọn.

"Ọ̀gá, èèwọ̀ ni kí á tu ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wá."

Aṣòfin fa ìwé yọ. Ó ní òun máa béèrè rẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ bá jókòó.

"Ẹsẹ̀ mi ò lè dúró de ìjókòó yín." Ó tiro lọ sínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn, ó jókòó.

Mo ní: "Ìyá, òní mà ni Ọjọ́bọ̀."

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ tù ú ni?"

Ọkọ̀ náà ò gbà ju ẹni mẹ́ta lọ, pẹ̀lú awakọ̀. Òyìnbó ò dìde. Aṣòfin ló sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀la ni àwọn máa padà wá gbé e. Aṣòfin ti bẹ apẹja mẹ́rin pé kí wọ́n tu òun kọjá, wọ́n ní èèwọ̀ ni.

Ní báyìí, ó ní àfi kí wọ́n yí ọjọ́ wa padà kíákíá. Ó ń bi mí pé ọjọ́ wo ló dára. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n sọ fún un?