Aṣọ Wòlímọ̀ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Rán

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, tó jẹ́ kí n ṣì lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ orí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń gbìyànjú kó tó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òórùn aró gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Kíá ni mo rántí agbo ilé wa ní Òwu, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti ń ṣe àdìrẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Wòlímọ̀ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí a máa ṣàjọyọ̀ pé mo ka Kùránì parí. Ìyá Àgbà ní òun kò ní ra aṣọ fún mi. "Èyí tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ rán ni wàá wọ̀. Bó bàjẹ́, òun náà ni wàá wọ̀."

Ó kọ́ mi bí a ti ń fi ìko, okùn tí a ń fà yọ lára imọ̀ ọ̀pẹ, rán ìlà sára aṣọ funfun, tí a ó fà á títí aṣọ á fi ṣùpọ̀, tí a ó sì so ó pinpin. Ibi tí ìko bá dì mú, aró kò ní lè débẹ̀. Ìlà funfun ló máa yọ.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ààfáà tó ń kọ́ mi ní Kùránì pè mí láti ìta, mo dìde, aṣọ náà bá mi dìde. Mo ti rán an mọ́ ìró tí mo ró! Rísí, ẹ̀gbọ́n mi, fi igbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Aṣọ àti ìró ti so yìgì!"

Mo tú u, mo tún un rán. Igun àkọ́kọ́ ò le tó, mo sì mọ̀, àmọ́ ẹ̀rù pé Rísí á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò jẹ́ kí n tún tú u. Mo gbé e fún Ìyá Àgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aṣọ jáde nínú aró, tí a tú ìko, gbogbo ìlà ló funfun báláú, àfi igun yẹn tó rú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gé e kúrò," mo ń sunkún.

"Gé kí ni? Ṣé aṣọ ọ̀hún tó ọ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ní ọjọ́ wòlímọ̀, mo ró o, mo sì tọ́jú igun náà sínú. Lójú gbogbo àwọn ìyá ilé, Ìyá Àgbà tú ìró náà, ó yí igun síta, síwájú gan-an.

"Ẹ wò ó, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀." Ó sún ìka rẹ̀ lọ sórí àwọn ìlà funfun. "Ibí ló dé."

Wọ́n hó yèè, Rísí náà hó. Mo gbórí sókè, mo ka Kùránì mi, ohùn mi kò gbọ̀n.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń tẹ ọ̀pọ̀ àdìrẹ, kò sì sí igun tó rú lára wọn. Ó dára, ó sì yá. Ọwọ́ ọmọdé nìkan ni kò yí padà: ó ṣì ń dẹ̀ kó tó le.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́hun fún yín ní olùkọ́ tí kò ní tijú yín láéláé. Àmín.