Àwòrán Tó Bá Ọkọ̀ Ẹja Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ayé ìgbà tí gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká ni wọ́n gbé kámẹ́rà wá sí ilé ẹja tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Alhaja tó ni ín ní yàrá yìnyín méjì, ọ̀kan ní Agric ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́. Èmi, Ìyá Ràṣídì, ni kọ́kọ́rọ́ ti Ìkòròdú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́lá, ọmọ Òṣogbo tó háyà yàrá lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa, ló so kámẹ́rà mọ́ òrùlé. Ó gbé àpótí kan sí ọ́fíìsì.

"Ìyá, gbogbo ohun tí ojú òkè yẹn bá rí, dísíìkì inú àpótí yìí ló ń tọ́jú rẹ̀."

Dísíìkì ọ̀hún kò tọ́jọ́. Iná á lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀, iná á tún dé. Nínú mú-un-lọ mú-un-bọ̀ yìí, dísíìkì á kú, gbogbo àwòrán á bá a lọ.

Alhaja bínú. "Kọ́lá, ẹ̀rọ lo tà fún mi ni àbí àlejò? Òní ó wà, ọ̀la ó ti lọ!"

"Ẹ má bínú, mà. Màá fi bátìrì gbè é lẹ́sẹ̀, màá sì fi dísíìkì méjì sí i. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà."

"Nínú ilé kan náà? Ìgbà wo lo rí mi tí mo kó gbogbo ẹja mi sójú kan?"

Òótọ́ ni. Àwa oníṣòwò ẹja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí yìnyín ibìkan bá yọ́, ti ibòmíràn ń bẹ. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Jímọ̀, Kọ́lá á da àwòrán ọ̀sẹ̀ náà sórí dísíìkì kékeré kan, ọkọ̀ ẹja á sì gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn lébìrà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé à ń gbé àwòrán lọ sínú yìnyín kó má baà rà.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí páálí títùs dín. Wàsíù, ọmọ àbúrò Alhaja, ni máníjà wa.

"Ìyá Ràṣídì ló ni kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Ta la tún fẹ́ bi?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Ìbẹ̀ṣẹ̀. Oníbàárà wa kan tí à ń pè ní Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ rí mi lọ́jọ́ kejì, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ Wàsíù lọ.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì Alhaja, mo ní kí wọ́n wo àpótí. Kọ́lá ṣí i, ó mi orí. Iná tó dé pẹ̀lú agbára lọ́jọ́ Sátidé ti jó bátìrì, ó ti jó dísíìkì méjèèjì.

Alhaja dìde. "Ẹ wọ mọ́tò, Wàsíù, ìwọ náà. Ó di Ẹ̀pẹ́. Ti Jímọ̀ wà níbẹ̀."

Ní Ẹ̀pẹ́, Kọ́lá so dísíìkì kékeré mọ́ tẹlifíṣàn. A rí èmi pẹ̀lú bùtà lọ́wọ́, mo ń lọ kírun lẹ́yìn ilé. A rí ọkùnrin kan tó fi kọ́kọ́rọ́ kejì tí n kò mọ̀ pé ó wà ṣílẹ̀kùn, tó ń gbé páálí fún dírẹ́bà kan.

"Wàsíù," Alhaja ní, "ta ló dé fìlà rẹ yẹn?"

"Alhaja... oníbàárà yẹn ń kánjú ni. Mo gbàgbé pátápátá."

"O gbàgbé ẹja, o ò gbàgbé orúkọ Ìyá Ràṣídì."

Wàsíù dọ̀bálẹ̀ fún mi. Alhaja na kọ́kọ́rọ́ sí mi, n kò gbà á.

"Àwọn tó gbọ́ pé mo jalè ńkọ́, Alhaja? Kí wọ́n wá wò ó."

Ó pè wọ́n lóòótọ́. Òṣìṣẹ́ àti oníbàárà kún ọ́fíìsì Agric, wọ́n fi fìlà Wàsíù rẹ́rìn-ín títí ọmọkùnrin náà fi jáde síta. Nígbà tí àwòrán parí, Kọ́lá ti nawọ́ láti pa tẹlifíṣàn kí Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kọ́lá, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè," mo ní. Mo sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbà tó wò ó tán ni mo tó gba kọ́kọ́rọ́ mi.