Agbo Ibà Tí Suwaibat Kò Mu

Suwaibat, ìyàwó ọmọ mi, ń ta epo dísù fún àwọn onítírélà ní Malu Road. Lọ́jọ́ kan, òórùn dísù tó ti mọ́ ọn lára bẹ̀rẹ̀ sí í mú un bì. Ọyàn ń dùn ún, oorun sì ń kùn ún lórí ìjókòó. Mansur, ọkọ rẹ̀, gbé agbo wá.

"Ibà ni. Gbé e mu."

"Ibà náà lẹ pe ti àkọ́kọ́. Mo mu agbo, oyún wálẹ̀. Mi ò rí nǹkan oṣù mi, mi ò sì ní mu ún."

"Nọ́ọ̀sì Malu Road!" Mansur fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

 Suwaibat da agbo sí gọ́tà, ó gba ilé ìwòsàn lọ fún àyẹ̀wò. Oyún ni wọ́n bá níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Mansur ló ń wọ̀n dísù. Suwaibat jókòó lókèèrè, ó ń pàṣẹ.