Káàdì Tí Bàbá Fídíò Kò Mọ̀ Ọ́n Yàn

Iṣẹ́ fídíò ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Fídíò. Ó ti ya àwọn kan ní ọmọ ọwọ́, ó sì tún ya wọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, yàrá ẹ̀yìn pálọ̀ ló sọ di ibi iṣẹ́: tábìlì kan, àga méjì àti kọ̀ǹpútà kan tó ti darúgbó. Aṣọ tí kò tíì lọ̀ ló kó sórí àga kejì, nítorí kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwòrán ayé ìsinsìnyí ti wúwo jù fún un. Bàbá Fídíò á gé e, á tò ó, ẹ̀rọ á kàn dúró gbọnin bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ìyá ìyàwó kan tó ń retí fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ sọ pé bó bá pẹ́ jù báyìí lọ, òun àti ọmọ-ọmọ òun làwọn ó jọ wò ó. Káàdì tuntun ló kù, ìyẹn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń bá a gbé ẹrù àwòrán. Bàbá Fídíò sì mọ àwọn káàdì yìí bí ẹni mowó. Ó mọ èyí tó wà fún géèmù àti èyí tó wà fún gígé fídíò. Kò ju kó lọ rà á lọ.

Àmọ́ ó ní ọmọ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ìpè ọmọ yìí ò wọ́pọ̀, kì í sì í pẹ́: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ńkọ́, ó dàbọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan tó pè, kí ó tó dé orí ó dàbọ̀, bàbá sọ pé òun fẹ́ ra káàdì, òun ò kàn mọ èyí tí òun ó yàn ni.

Àṣé ọmọ náà fẹ́ràn kí wọ́n bi í léèrè! Ó ṣàlàyé títí fóònù fi gbóná.

"Ṣé ó yé yín báyìí, Bàámi?"

"Kò tíì yé mi tán."

"Kò burú. N ó tún pè yín ní Sọ́ńdè."

Bí ògbólógbòó ṣe di ọ̀gbẹ̀rì nìyẹn o. Wọ́n ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò mọ̀ pé apirọrọ lòun ń jí. Ó ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Láàárín àlàyé, ọ̀rọ̀ mìíràn á yọ́ jáde: pé wọ́n ti yọ eyín tó ń dun òun, pé ọ̀gá òun ń jágbe mọ́ òun. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni bàbá ń jẹ mọ́ oúnjẹ títí ọ̀sẹ̀ fi ń parí. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń ronú ohun tí òun ò ní mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

"Bàámi, ẹ fi tépù wọn inú àpótí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ sọ bó ṣe gùn tó fún mi."

Bàbá ò dìde. Tó bá ń wá tépù kiri, ìpè lè já. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ, ó sì yára béèrè pé, "Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń jágbe?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni páálí kan dé láti òkè òkun. Ọmọ ti ra káàdì láìsọ fún un. Ojúlówó ni, ó dára ju èyí tí bàbá fúnra rẹ̀ ì bá rà lọ. Bàbá tú àpótí kọ̀ǹpútà, ó ti káàdì bọ inú rẹ̀, ó kọlu irin. Ó yí i, ó tún kọlu irin. Ó fi ìka méjì gùn jù. Kọ̀ǹpútà tó máa gba irú káàdì yìí, odindi òmíràn ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kọ̀, kò jáde. Ó wá ní ìṣòro tòótọ́ tó lè torí ẹ̀ pe ọmọ.

Ọmọ ló ṣáájú rẹ̀ pè.

"Bàámi! Ó ti dé àbí? Àwọn ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó rí i rà. Láti ọjọ́ tí Màámi ti lọ, mi ò ṣe nǹkan gidi kan fún yín. Inú mi dùn gan-an. Ṣé ó wọlé?"

Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, tó bá gba ipò kìíní. Bàbá wo káàdì tó nà gbọọrọ lórí tábìlì.

"Ó wọlé wẹ́kú," ló dáhùn. "Kọ̀ǹpútà ti ń fò báyìí."

"Ọlọ́run ṣeun! Ọkàn mi ti balẹ̀. Wàhálà yín ti tán nìyẹn, Bàámi."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, fóònù ò dún. Kì í ṣe ọmọ burúkú, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ilé dá páropáro. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Fídíò gbé fóònù, ó wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ kàn, ó sì di fóònù náà mú pẹ́. Ó ń wá ohun tí yóò bi í. Kò rí nǹkan kan, ó sì gbé e sílẹ̀.