Ení, Èjì, Ẹ̀ta Emil

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìṣubú kì í ṣe iṣẹ́, irọ́ ló ń pa, ẹ sọ fún un pé èmi Hobart ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni Emil Vrabec fi ṣubú jẹun nínú sinimá ní Hollywood, mo sì bá a ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó já láti orí òrùlé, ó já sínú kànga, eegun rẹ̀ kan kò ṣẹ́ rí. Àṣírí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó máa ń kà sókè. "Ení, èjì, ẹ̀ta!" Bó bá fi máa dé ẹ̀ta, ó ti yí èjìká kúrò lábẹ́, ìgbà yẹn ni èmi náà á fò lé e. Sinimá ìgbà náà kò ní ohùn. Ọ̀gá ń pariwo, àwa náà ń pariwo, kò sí ẹni tó kàn.

Àfi bí ohùn ṣe dé lọ́dún 1929!

Sinimá apanilẹ́rìn-ín kékeré kan ni, ogún ìṣẹ́jú péré, nípa àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù, irú èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá, tí àwọn yòókù á sì wó lé wọn lórí. Ọmọ yunifásítì kẹ̀! Emil ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, àtíkè ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Inú ilé ni a ti ń yà á, nítorí ariwo mọ́tò. Wọ́n ti kámẹ́rà mọ́ inú àpótí ńlá, wọ́n pa gbogbo fáànù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn pamọ́ sínú garawa omi tó ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Emil máa ṣubú sí gan-an.

Ó sáré, ó ṣí ẹnu: "Ení, èj—"

"Ẹ dúró!" Pruett ni, ọkùnrin tí wọ́n mú wá láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láti máa ṣọ́ ohùn. Ó yọ orí jáde nínú àpótí kékeré tirẹ̀, níbi tó ti ń gbọ́ wa. "Ta ló ń kọ́ wa ní ìṣirò níbẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì tí Emil tún kà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lindquist, ọ̀gá tó ń darí eré náà, rọra sún mọ́ ọn. "Emil, ẹ̀ẹ̀mejì rèé. Tí mo bá tún gbọ́ kíún lẹ́nu ẹ, kó ẹrù ẹ. Ìwọ náà rí àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu géètì."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kò ní tún ṣẹlẹ̀."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Hob, a ó kà á sínú."

"Sínú ta? Inú tèmi ń gbọ̀n!"

"Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń gbọ́ ọ. Ṣé o ò tíì mọ ẹ̀ta ni?"

"Tí eegun ẹ bá ṣẹ́ ńkọ́?"

"Tó bá ṣẹ́, á jiná. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe, Hob? Ìṣubú nìkan ni mo kọ́."

Iná pupa tó ń sọ pé wọ́n ti ń gba ohùn tàn. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Òógùn ń ro sí mi lójú, mi ò lè nù ún. Emil gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, ó fi ara sílẹ̀. Mo kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo fò.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kò tíì yí èjìká rárá. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ mi: káá! bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná.

Emil kò ké. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹni tó ń ṣe olùkọ́ bọ́ọ̀lù nínú eré náà ní láti sọ lórí wa, ó sì rọra ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹun. Eyín Emil wọ apá aṣọ mi, ó wọ ẹran ara. Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ pariwo, ó fi ọwọ́ kan tó kù dì mí mú.

"Ó tó!" ni Lindquist wí.

Ìgbà náà ni Emil wá ké. Olúwa ló mọ irú igbe tó ké.

Pruett kò tíì mọ nǹkan kan, ó ń yọ jáde nínú àpótí rẹ̀. "Ó mọ́ tónítóní! Ta ló ṣẹ́ pákó yẹn? Ẹ má yọ ọ́ o, ó dùn!" Wọn kò sì yọ ọ́.

Èjìká yẹn kò bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n fi Emil ṣe aṣọ́nà ilé tí a ti ń ya sinimá náà. Tí iná pupa bá ti tàn, òun ló ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí sinimá náà jáde, àwa méjèèjì jọ lọ wò ó, apá rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀já. Bó ṣe kù díẹ̀ kó ṣubú, mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ení... èjì..." Nínú sinimá náà, mo ti balẹ̀ lé e kó tó dé ẹ̀ta. Káá! Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, obìnrin kan ń pàtẹ́wọ́.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. "Emil, èmi ni mo yára kà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó ṣáà ń wo iwájú.

"Ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀," ló wí. "Àbí mo sọ?"

"O ò sọ," ni mo wí.