Ará Àárọ̀, Ará Ọ̀sán

Òórùn ẹ̀pà sísè dá mi dúró ní Kétu lánàá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé nígbà tiwa, yàrá ilé-ìwé wa ní Ìkòsí ò tó, ni wọ́n bá ní kí àwọn kan máa wá láàárọ̀, kí àwọn yòókù máa wá lọ́sàn-án.

Wọn ò fi ọjọ́ orí tàbí ọgbọ́n pín wa. Míìsì, olùkọ́ wa, kàn ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà, "Ìwọ àárọ̀, ìwọ ọ̀sán," bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èmi bọ́ sí àárọ̀. Múínátù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ará Ìsẹ́yìn tí yàrá wọn kọjú sí tiwa nínú ilé tí a ń gbé, bọ́ sí ọ̀sán. Àga tí mo bá dìde lórí rẹ̀ ló ń jókòó lé. Ó máa ń fi ẹ̀pà sísè sílẹ̀ fún mi nínú lọ́kà.

Kí oṣù tó parí, a ti di ọ̀tá. Bí ìgbálẹ̀ bá sọnù, àwọn ará ọ̀sán ni. "Olóòórùn òógùn!" là ń pè wọ́n, torí inú oòrùn ni wọ́n ń rìn wá. "Olójú ipin!" ni wọ́n ń dá wa lóhùn. Àwọn olùkọ́ gbọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. N ò tíì dárí jì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Káyọ̀dé, mọ́nítọ̀ wa, já yèrèpè nínú igbó ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó ń fi ra àga wa kí àwọn ará ọ̀sán tó dé. Nígbà tó kan tèmi, mo ní, "Fi tèmi sílẹ̀."

"Àbí ará ọ̀sán ni ẹ́ ni?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo ní, "Rárá o. Rà á dáadáa."

Nírọ̀lẹ́, ìyá Múínátù ń fi epo pupa pa á nítan lẹ́nu ọ̀nà wọn. "Ṣé o mọ̀ sí i?" ni Múínátù bi mí.

"Àwọn ará ọ̀sán yín náà ló ṣe é."

"Àwọn ará ọ̀sán *yín*," ó tún un sọ jẹ́jẹ́, ó dìde, ó wọlé. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kó padà sí Ìsẹ́yìn.

Yàrá ti tó nílé-ìwé náà báyìí. Gbogbo ọmọ ń wá láàárọ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ní Magodo sọ pé òun ò lè bá ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣeré mọ́, àwọn ẹgbẹ́ òun á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe rí. Mo dì í lọ́wọ́ mú, àwa méjèèjì sì jọ rìn lọ sí géètì.